Àwọn Ọba Ààfin 909.82

Ògbóòró,
13 Oṣù Kẹsàn-án, 1982.

Mọ́ládé, àkọ́bí Tíṣà,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga. Bí aládùúgbò rẹ bá wà nítòsí, pè é kó wá jókòó tì ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni mo fẹ́ sọ, mo sì ti gbàdúrà kí n tó mú bírò.

Ewúrẹ́ ti jẹ Yúróòpù.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni. Òjò gba ihò páànù wọ yàrá àwa tíṣà, àwòrán ayé tó wà lára ògiri sì rin gbingbin. Mo tẹ́ ẹ sórí koríko kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ewúrẹ́ Àríyọ̀ tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀ láti Pọtogí, ó ti jẹ ẹ́ dé ẹnu ibodè Rọ́ṣíà. Kò fẹnu kan Áfíríkà. Mo bá Àríyọ̀ wí. Ó wo ewúrẹ́, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, Yúróòpù ti jẹ tiwa rí, ẹ ò pariwo. Èwo ni ti òní?"

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún girama wa ní Ìtàn Àgbáyé ti parí ọdún rẹ̀ ní Oṣù Keje, ó ti padà sílé, ó sì kó ìwé rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé ìwé wá gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, èmi tó jẹ́ pé Bíbélì àti Yorùbá ni mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohun èlò kan ṣoṣo tí mo ní ni àwòrán ayé yẹn. Ẹ̀yìn èyí ni lẹ́tà wá dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, Inspẹ́kítọ̀, ń bọ̀ ní ogúnjọ́ Oṣù Kìíní láti wo bí a ṣe ń kọ́ Ìtàn Àgbáyé láti ọdún 1900. Bí kò bá rí ohun gidi, wọn yóò ti kíláàsì karùn-ún pa níbí, wọn yóò sì da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ ti Ṣakí.

Ọmọ mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ní ilé tó lè wọ̀ sí ní Ṣakí. Àwọn méje ló nawọ́. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ìwọ náà mọ ibi tí ọmọ tó ń wo ilẹ̀ ń lọ níbí: oko iṣu ni, kì í sì í padà wá.

Nínú lẹ́tà tí o kọ nígbà Àjíǹde, èyí tó jẹ́ pé láti ìgbà náà n kò gbúròó rẹ mọ́, o ní ilé ìkàwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀rọ kan tó ń gba ojú wáyà tẹlifóònù bá àwọn ilé ìkàwé mìíràn sọ̀rọ̀, títí dé Amẹ́ríkà, àti pé ohun tí a bá bi í, kí a tó sín ló ti dáhùn. Mọ́ládé, bá mi bi í.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ṣé ẹ̀rọ náà mọ ìgbà tí o máa lọ́kọ.

Èmi bàbá rẹ tí kò ní Yúróòpù mọ́,
Festus Adégbénró.


Leeds,
4 Oṣù Kẹwàá, 1982.

Bàbá mi, Tíṣà àwọn tíṣà,

Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tèmi, mo kí yín. Mo kí ìyá mi. Ẹ kú àdánù Yúróòpù. Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo sì pe aládùúgbò mi. Ará Yúróòpù lòun náà, kò mọ ohun tó yẹ kó sọ.

Ẹ bínú sí mi pé n kò kọ̀wé. Bàbá, mo kọ̀wé ní Oṣù Kẹfà, mo tún kọ ní Oṣù Keje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Olúsọjí awakọ̀ tó ń bá ìlú wa gba lẹ́tà ní pósítọ́ọ́fíìsì Ṣakí. Ìgbà kan tí mo wọ mọ́tò rẹ̀ kí n tó wá síbí, ọwọ́ mi kan lẹ́tà Kérésì ọdún tó ṣáájú lábẹ́ ìjókòó.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wà. Ó dà bí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A ó pe nọ́ńbà kan lórí tẹlifóònù, a ó gbé etí tẹlifóònù náà lé inú ihò méjì kan báyìí, ẹ̀rọ á súfèé, òmíràn á súfèé dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó wà nínú ilé ìkàwé ńlá kankan tí kò mọ̀. Ọ̀gá mi, Mísì Hargreaves, ti fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe tiyín.

Ẹ kọ ìbéèrè yín wá, Bàbá. Mo bẹ̀ yín, kó kúrú. Ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ náà kò mọ òwe.

Ẹ sọ fún ìyá mi pé kì í dáhùn ọ̀rọ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, ẹ fi gàrí Ìgànná rán mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí dà bí eruku ṣọ́ọ̀kì.

Ọmọ yín,
Mọ́ládé.


Ògbóòró,
27 Oṣù Kẹwàá, 1982.

Mọ́ládé ọmọ mi,

Mo bi Olúsọjí. Ó fi Ọlọ́run búra, ó tún fi irin mọ́tò rẹ̀ búra, lẹ́yìn náà ló lọ wo abẹ́ ìjókòó, ó sì gbé lẹ́tà Oṣù Kẹfà wá. Ti Oṣù Keje, ó ní òun ṣì ń wò ó.

Mo gbọ́ pé kí ìbéèrè kúrú. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi àgbà ní ọ̀rọ̀ láì kí i? Ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé ìkàwé, ì báà jẹ́ irin, ì báà jẹ́ ènìyàn, àgbà ni. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ mi kò rí ẹni kọ́ ọ nílé. Kà á sí i létí báyìí:

"Ẹ̀yin ẹ̀rọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdúró. Èmi Festus Adégbénró, tíṣà ní Ògbóòró, ló ń kí yín. Ọmọ mi ló dúró níwájú yín yẹn, ẹ má wo ti pé ó tín-ín-rín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Láti ọdún 1900, ta ló kọ́kọ́ jẹ láyé, ta ló tẹ̀lé e, ta ló tún jẹ lẹ́yìn ìyẹn, títí di òní? Bí a bá ti mọ àwọn tó jẹ, èyí tó kù á máa yé wa lọ. Ẹ ṣeun. Ẹ ó máa rí epo lò."

Bí bàbá mi ṣe kọ́ èmi náà ní ìtàn nìyẹn. Orúkọ àwọn tó jẹ ló kọ́kọ́ ń wọ orí ọmọdé, ẹjọ́ wọn ló ń tẹ̀lé e.

Mo ti sọ fún ìpàdé àwọn òbí pé ìdáhùn yóò dé kí Kérésì tó dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Baba Ọdẹ́jọbí, ọdẹ tó jẹ́ alága wa, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ràmọ́nì, wà nínú kíláàsì karùn-ún, nítorí náà kò sí ìpàdé tí kì í wá.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀rọ tó wà nílùú òyìnbó ló fẹ́ pìtàn ayé fún wa?"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá."

"Ta ló pa á fún un?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ ni."

"Àwọn wo?"

Mo ní kí a kọ orin ìparí ìpàdé.

Mọ́ládé, má dójú tì mí.

Bàbá rẹ.


Leeds,
19 Oṣù Kọkànlá, 1982.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọyẹ́ tí yóò ti máa fẹ́. Mo kí gbogbo ilé.

Mísì Hargreaves rí mi níbi tí mo ti ń ka lẹ́tà yín níwájú ẹ̀rọ, ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wọlé, kò tíì sẹ́ni tó kí i. Ní ọjọ́ kejì, mo bá a níbi tó ti ń nu eruku ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di kí n tẹ̀ ẹ́, n kò lè tẹ gbogbo rẹ̀. Mo kàn tẹ "ìtàn àgbáyé, 1900" ní èdè òyìnbó. Ẹ̀rọ náà súfèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà. Bí a bá tẹ́ bébà náà sílẹ̀ nílé wa, yóò ti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Mo ti fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí, nítorí mo ti fọ́nnu jù nínú lẹ́tà mi ìṣáájú. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìtàn. Àwọn tó kọ ìwé ìtàn nìkan ló mọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé ló kọ́kọ́ wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún tí ìwé náà jáde, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà pẹpẹ tí ilé ìkàwé ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, èyí tí í ṣe 909.82. Mo ní kí ẹ̀rọ fo àkọlé àwọn ìwé náà kí bébà má bàa tán. Ìlà igba ó lé mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn fi han Inspẹ́kítọ̀ kó lè mọ̀ pé a ti ń wá ìwé. Ẹ má kọ́ ọmọ kankan ní ohun tó wà níbẹ̀, kò sí ohun kíkọ́ níbẹ̀ rárá. Àwọn ìwé gan-an ni mo ń wá báyìí.

Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ogúnjọ́ Oṣù Kìíní. Bí lẹ́tà yìí bá ti dé, ẹ kọ ìlà kan péré sí mi.

Mọ́ládé yín.


Ògbóòró,
16 Oṣù Kejìlá, 1982.

Mọ́ládé, ọmọ tó bí bàbá rẹ̀,

Ó dé! Ọjọ́ kejì oṣù yìí ni Olúsọjí gbé e sọ̀ kalẹ̀. N kò rí lẹ́tà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó hàn kedere kò nílò àlàyé. Ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi délẹ̀délẹ̀. Mo tẹ́ bébà náà láti iwájú kíláàsì dé ẹ̀yìn, mo tún un tẹ́ padà, kò tán. Ọba igba ó lé mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ọdún tí olúkúlùkù gorí oyè!

Whitcombe ló ṣáájú, 1931. Oddingley tẹ̀lé e, 1934. Ní 1938, ẹni méjì ló jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, Pruett àti Delarue. Ìjà oyè nìyẹn, ọmọdé kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Láàrin 1940 sí 1944, ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láyé. Àkókò ogun ni, ó bá ìtàn mu. Mo wá Hítílà títí, kò sí níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé bí ọba bá ba ìlú jẹ́, a máa ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó jẹ, àwọn òyìnbó náà ti kọ́ ọ. Ti ọdún 1900 sí 1930 kò sí níbẹ̀. Mo gbà pé afọbajẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú ayé nígbà náà.

Lẹ́yìn orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ 909.82. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì kó tó yé mi pé nọ́ńbà ààfin ni. Ó yà mí lẹ́nu pé ààfin kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, ṣùgbọ́n bóyá ohun tó ń fa ìjà láàrin wọn náà nìyẹn.

Ràmọ́nì bi mí pé, "Sà, Pruett jẹ ní 1938, ó tún jẹ ní 1946, ó tún jẹ ní 1951. Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ni?"

Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Jókòó."

Orúkọ mẹ́wàá ni wọ́n ń há sórí lójúmọ́. Àríyọ̀ ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó ṣe ń da àkàrà sínú epo ló ń pè wọ́n, ewúrẹ́ rẹ̀ dúró tì í.

Síbẹ̀, Mọ́ládé, àyà mi ń já. Ládòkun ti tún kọ̀wé. Ó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ni òun máa bi ní ìbéèrè. Kí ló dé tí o kò fi lẹ́tà sínú bébà? Ṣé kò sí nǹkan kan?

Bàbá rẹ.


WÁYÀ
Leeds sí Ṣakí, 5 Oṣù Kìíní, 1983.

BÀBÁ WỌN KÌ Í ṢE ỌBA DÚRÓ ÒǸKỌ̀WÉ NI WỌ́N DÚRÓ ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ PE ORÚKỌ WỌN NÍWÁJÚ INSPẸ́KÍTỌ̀ DÚRÓ Ẹ WO ABẸ́ ÌJÓKÒÓ OLÚSỌJÍ DÚRÓ MỌ́LÁDÉ


Ògbóòró,
24 Oṣù Kìíní, 1983.

Mọ́ládé,

N kò lágbára ìkíni. Wáyà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kejìlélógún. Inspẹ́kítọ̀ ti wá ní ogúnjọ́.

Akọ̀wé wáyà ní Ṣakí ló fún Olúsọjí. Olúsọjí kò fi í sábẹ́ ìjókòó lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á sókè ní gáréèjì kí ó má bàa gbàgbé. Kí ó tó délé, ìròyìn ti kan ààfin pé ọmọ Tíṣà tẹ wáyà láti òkè òkun pé ẹnì kan kì í ṣe ọba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí láti ṣàlàyé ọba tí o ní lọ́kàn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Ládòkun dé ní aago mọ́kànlá, erùpẹ̀ pupa bo òun àti mọ́tò rẹ̀. Ó mu Fáńtà. Ó wo ògiri.

Ó ní, "Níbo ni Yúróòpù wà?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní kí ọmọ kan dìde kó sọ ohun tó mọ̀ nípa Ìtàn Àgbáyé. Ràmọ́nì dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Whitcombe. Nígbà tó dé ogún, àwọn yòókù gbè é. Nígbà tí wọ́n dé ọgọ́rùn-ún, Àríyọ̀ gbè é láti ìta. Mọ́ládé, bí wọ́n ṣe pe Pruett lẹ́ẹ̀kẹta, Inspẹ́kítọ̀ ṣí fìlà. Wọ́n parí gbogbo rẹ̀ láì fo ẹnì kan.

Ládòkun wúkọ́. Ó ní, "Delarue ńkọ́? Èmi rò pé òun ló ṣáájú Pruett."

Mo ní, "Àríyànjiyàn wà lórí ẹ̀, sà."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí."

Ó ní kí a ká bébà náà fún òun, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ. Inú mi dùn fún odindi ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ kejì ni Baba Ọdẹ́jọbí wá. Ó gbé ìbọn rẹ̀ ti ògiri, ó jókòó. Ó ní, "Tíṣà, láti ìgbà Kérésì ni mo ti ń gbọ́ àwọn ọba yín yìí lẹ́nu Ràmọ́nì. Wọ́n dùn ún gbọ́. Ó ku ohun kan."

"Kí ni, Bàbá?"

"Àwọn tí wọ́n fò ńkọ́?"

Mo ní n kò gbọ́ ọ yé.

Ó ní, "N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó jẹ kí ìdílé kan má dìde pé tàwọn ni wọ́n fò. Igba ọba ó lé mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó bínú? Wọn ò lé ẹnì kankan kúrò nílùú? Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ lójú ogun? Tíṣà, àwọn yìí kì í ṣe ọba. Ó jọ orúkọ àwọn tó gba láńsẹ́ẹ̀sì ìbọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jinlẹ̀. Wáyà rẹ dé lọ́jọ́ kejì, Olúsọjí wo abẹ́ ìjókòó, ó sì mú lẹ́tà Oṣù Kọkànlá jáde pẹ̀lú epo pupa lára rẹ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kà á.

Mo pe àwọn ọmọ jọ. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣìnà, pé àwọn tí wọ́n há sórí kì í ṣe ọba, òǹkọ̀wé ni wọ́n. Mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ràmọ́nì nawọ́.

Ó ní, "Sà, kí ni wọ́n kọ?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ, Mọ́ládé. Ìbéèrè kankan kò tíì dùn mí bẹ́ẹ̀ rí. N kò mọ̀.

Bí mo bá panu mọ́, kíláàsì wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ládòkun ti fìwà jọ ẹni tó gbà á gbọ́. Bí àwọn ọmọ náà bá lọ kọ Whitcombe sínú ìdánwò ní Oṣù Kẹfà, gbogbo wọn ló máa fìdí rẹmi, èmi ni mo sì fà á. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ti kíláàsì pa, àwọn mẹ́rìndínlógún á lọ sóko. Mo sọ òótọ́. Mo kọ ọ́ ní ojú ìwé mẹ́ta sí Inspẹ́kítọ̀, mo sì wọ mọ́tò lọ Ṣakí láti fọwọ́ ara mi jù ú sínú àpótí.

Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ti kọjá odò tó tún ń padà lọ sọ fún ọ̀nì pé ó gbàgbé láti jẹ òun, ẹ̀sìn wo nìyẹn?

Bàbá rẹ.


Leeds,
11 Oṣù Kejì, 1983.

Bàbá mi,

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ bèèrè àwọn tó jẹ, mo gé ọ̀rọ̀ yín kù, mo tún gé àkọlé àwọn ìwé kù nítorí bébà. Ẹ ò ṣìnà, Bàbá. Èmi ni mo ta ẹ̀rọ fún yín ju bó ti mọ lọ.

Mo sọ ọ́ fún Mísì Hargreaves. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rí mi níbi tí mo ti ń sunkún nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè Ràmọ́nì, ó dìde, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé ìwé mẹ́fà jáde, àwọn tí ilé ìkàwé fẹ́ yọ kúrò torí wọ́n ti gbó. Mo ti fi gbogbo wọn ránṣẹ́. Whitcombe wà níbẹ̀. Pruett wà níbẹ̀, ti 1946. Ẹ bá mi kí wọn. Àwòrán ayé tuntun kan tún wà pẹ̀lú wọn, Yúróòpù pé sórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kọ́ sókè.

Ṣé ọ́fíìsì ti fèsì? Bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n ju lẹ́tà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àtẹ̀gùn ni mo ń fò sọ̀ kalẹ̀. Títí di òní, kò sí tiyín mìíràn níbẹ̀. Mo ń bọ̀ wálé ní Oṣù Kẹjọ. Bí wọ́n bá ti kíláàsì yẹn pa nítorí mi, n kò mọ ojú tí màá fi gba iwájú ilé Ràmọ́nì kọjá.

Mọ́ládé.


Ògbóòró,
14 Oṣù Kẹta, 1983.

Mọ́ládé ọmọ mi,

Àwọn ìwé dé. Olúsọjí gbé wọn sórí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ láti Ṣakí kí wọ́n má bàa yọ́ lọ sábẹ́ ìjókòó.

A ṣí Whitcombe. Ràmọ́nì ló kà á, èmi ń túmọ̀. Nígbà tó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní, "Àṣé ó ń sọ̀rọ̀!" Whitcombe ní gbogbo ẹ̀bi ogun àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹnì kan. Pruett ní irọ́ ni, àwọn mẹ́rin ló jẹ̀bi. Àwọn ọmọ pín sí méjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Baba Ọdẹ́jọbí ń wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀hẹn. Ìjà ti dé. Ìtàn nìyí."

N kò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lè dùn tó báyìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀rù fi túbọ̀ ń bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ìwé sí Ládòkun, ọ̀sẹ̀ méje nìyí, wọn kò fèsì. Bí mọ́tò kan bá dún lójú títì, ṣọ́ọ̀kì á bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á máa wo ojú fèrèsé títí mọ́tò á fi kọjá.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró díẹ̀. Olúsọjí ló ń fun fèrè níta.

Ìwé láti ọ́fíìsì ni, wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i. Ìyá rẹ ló ya á. Mo dà á kọ fún ọ síhìn-ín bó ṣe wà, n kò fi nǹkan kan kún un.


ÌKÉDE FÚN GBOGBO ILÉ Ẹ̀KỌ́ GIRAMA ÀGBÈGBÈ YÌÍ

1. Inspẹ́kítọ̀ ti yẹ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Ògbóòró wò, ó sì rí i pé ó pegedé. Kíláàsì karùn-ún wọn yóò wà níbi tó wà.

2. Àkójọ Àwọn Alákòóso Ayé, tí í ṣe ẹni igba ó lé mẹ́rìnlá, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni F. Adégbénró ṣàwárí, ti di ohun èlò ìkọ́ni fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láti òní lọ. Kí gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún há a sórí kí ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà tó pé.

3. Lórí awuyewuye ọdún 1938, kí gbogbo tíṣà tẹ̀lé ìpinnu ọ́fíìsì yìí: Delarue ló ṣáájú Pruett.

4. Ọ́fíìsì rí lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta kan gbà, nínú èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró ti tako àkójọ tí a dárúkọ lókè. A kò lè gbé e yẹ̀wò, nítorí pé kò sí lórí fọ́ọ̀mù tó yẹ. Fọ́ọ̀mù náà ti tán.

5. Ilé ẹ̀kọ́ tí Yúróòpù bá ṣì wà lórí àwòrán ayé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá.